Sulfate, nitrate: báwo lẹ ṣe ń rántí iye ọ́síjìn wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. WAEC ni mo ń múra sílẹ̀ fún. Nínú kẹ́mísírì, àwọn ion (átọ̀mù tàbí àkójọ átọ̀mù tó ní chájì) bíi Na⁺, Ca²⁺ àti Cl⁻ kò yọ mí lẹ́nu, periodic table (àtẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì) ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Àwọn tí ọ́síjìn wà nínú wọn ló ń bá mi jà. Mo ti kọ wọ́n sára ògiri, mo tilẹ̀ ti fi wọ́n kọrin (àbúrò mi ti wá mọ̀ ọ́n jù mí lọ), síbẹ̀ mo tún kọ NO₂⁻ fún nitrate lánàá dípò NO₃⁻. Mo ti mọ̀ pé bí orúkọ bá parí sí -ite dípò -ate, ọ́síjìn kan ló ń dín, chájì kì í yí padà: sulfate ni SO₄²⁻, sulfite ni SO₃²⁻. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí sulfate àti phosphate fi ní ọ́síjìn mẹ́rin, tí nitrate àti carbonate ní mẹ́ta? Ṣé ọ̀nà kan wà láti fi periodic table mọ̀ ọ́n, àbí àkọ́sórí náà ni?