Gìrì mú ọmọ mi nígbà tí ìdána àbúrò ọkọ mi ku ọ̀la: ṣé kí n gbé e rìnrìn àjò?

Ìyá Ọmọ Méjì, Ìbàdàn (ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí pé òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń retí èmi àti ọmọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Òní ni ìdána àbúrò ọkọ mi. Èmi ni ìyàwó àgbà nínú ilé, ọwọ́ mi sì ni púpọ̀ nínú ẹrù ìdána wà: orógbó 42, obì 42, ataare 42, oyin, iyọ̀ àti àádùn, tí mo ti kà tí mo sì ti tò sínú igbá láti Ọjọ́rú. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ara ọmọkùnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo fún un ní paracetamol, ó sì sùn. Ní ọ̀sán àná, bí mo ṣe ń lọ aṣọ òkè kékeré tí a rán fún un, mo ṣàdédé gbọ́ gbì lẹ́yìn mi. Nígbà tí màá fi yíjú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti yí sókè, itọ́ sì ń hó lẹ́nu rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe pariwo tó. Ìyá kan ládùúgbò sáré wọlé, wọ́n fẹ́ fi ṣíbí la eyín rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí ṣíbí, ara ọmọ náà ti dẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni a sùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ibà ni. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì dá wa sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yìí pẹ̀lú oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ti kó ẹrù lọ láti ìdájí. Ìyá ọkọ mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá fún ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, pé àwọn ti se àgbo gìrì sílẹ̀, àti pé kò dára kí ìyàwó tuntun wọlé kí ìyàwó àgbà má sí nílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tilẹ̀ sọ pé àwáwí ni mo ń fi àìsàn ọmọ ṣe, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ náà ti ń mu omi, ara rẹ̀ sì ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n gbé e lọ? Bí n kò bá sì lọ, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní di ìjà?

Nọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọdé

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa, ẹ kú ìpayà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọmọ yẹn kúrò nílé lọ́la. Gìrì tí ara gbígbóná ń fà sábà máa ń mú ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó lọ. Paracetamol máa ń mú kí ara tu ọmọ, ṣùgbọ́n kì í dènà gìrì, nítorí náà ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi nítorí alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ibà gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí gìrì bá tún mú un, tàbí tí kò lè mu omi mọ́, tàbí tí ó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tàbí tí ó sùn tí ẹ kò lè jí i, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ láàárín Mamu sí Orù, ta ni ẹ fẹ́ ké sí?

Bí oògùn tí wọ́n fún yín bá jẹ́ artemether-lumefantrine, wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn èkíní ni ẹ ó fún un ní ìkejì, lẹ́yìn náà ní àárọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ méjì tó kù. Ẹ fún un pẹ̀lú wàrà tàbí oúnjẹ tó ní ọ̀rá, kí oògùn náà lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ fún un ní òmíràn. Ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti tutù o.

Bí gìrì bá sì dé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ wo aago, ẹ má ṣe ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìbáà ṣe ṣíbí tàbí òróró, ẹ má sì ṣe na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná.

Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà sàn. Ọ̀rọ̀ àgbo ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí pé mo ti gbé láyé tó láti rí i. Àgbo gìrì tí àwọn àgbà ń sè nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní ìtọ̀ màlúù nínú, pẹ̀lú ewé tábà, aáyù, efinrin àti àlùbọ́sà. Wọ́n fún ọmọ aládùúgbò wa mu ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà sùn, kò sì jí mọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970: ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì máa ń mú kí èémí rẹ̀ dákẹ́. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún un mu.

Ṣùgbọ́n má sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé àgbo wọn kò dára. Pè wọ́n fúnra rẹ, má ṣe fi ọ̀rọ̀ rán ọkọ rẹ, kí o sì jẹ́ kí ohùn rẹ kúnlẹ̀. Sọ ohun tí ojú rẹ rí fún wọn láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ọmọ wọn ni ọmọ náà, wọ́n á gbọ́.

Bàbá Kan, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Àgbà lórí ọ̀rọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ọkọ yín ló yẹ kó bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé kì í bá ọmọ ilé fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà bí ó bá jàre.

Ìyá Ọmọ Méjì, Ìbàdàn (àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun)

Ẹ ṣeun gan-an ni. N kò lọ. Mo pe ìyá ọkọ mi ní alẹ́ Àbámẹ́ta, mo sì sọ bí ojú ọmọ náà ṣe yí àti bí mo ṣe rò pé ó ti lọ, nítorí pé gìrì ráńpẹ́ ni mo pè é fún wọn tẹ́lẹ̀, kí n má bàa kó jìnnìjìnnì bá wọn lọ́jọ́ ayọ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé gìrì gba ọmọ kan lọ́wọ́ àwọn kí àwọn tó bí ọkọ mi, pé ìdí nìyẹn tí àgbo kì í fi í tán nílé àwọn. N kò gbọ́ ọ rí láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wọlé wọn.

Àná ni wọ́n wá kí wa pẹ̀lú ìyàwó tuntun. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n gbé wá, àgbo kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò tíì gbé ìpè mi, ọkọ mi sì ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun.

Ọmọ náà lo oògùn rẹ̀ tán ní alẹ́ àná. Òwúrọ̀ yìí ló fa fìlà aṣọ òkè rẹ̀ wálẹ̀ lórí àga, ó dé e pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì tó fi sùn, ó sì lọ jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, ó ń la ẹnu fún ìkọ́kọrẹ́.