Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ yín fún ìwádìí ní ọsibítù rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìjàpọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti agbègbè ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún méjì. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Kò mutí, kò fa sìgá. Inú ẹ̀ kàn ń dùn ún lápá ọ̀tún, ó ní ọgbẹ́ inú ni, ó sì lo oògùn ọgbẹ́ inú fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ fún skáànù, dókítà tó ń wo ojú ẹ̀rọ ṣàdédé dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e padà sí ojú kan náà, ó wá ní kí n bọ́ síta díẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé hẹpatáítìsì B, fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ti wà lára ẹ̀ tipẹ́.

Ibi tó dùn mí jù rèé: ọdún mẹ́fà ṣáájú, ó lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó ẹ̀ fẹ́ bímọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kò ṣeé lò, kó lọ mú ẹlòmíràn wá. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún un. Òun náà kò bèèrè.

Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà tí dókítà kékeré kan wá bá a, ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ṣé á gbà kí àwọn fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kí àwọn sì máa kọ bí ara ẹ̀ ṣe ń ṣe sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀. Ó ní, "Bí kò bá ṣe mí láǹfààní, ọmọ ẹlòmíràn á jẹ níbẹ̀." Ọ̀sẹ̀ kẹta ló kú. Láti ìgbà náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni wọ́n rí? Ẹ̀yin tó ti ṣe irú ẹ̀, ṣé wọ́n padà wá sọ èsì fún yín?

Bàbá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé
Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ò jẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láéláé.

Aláṣọ Ọjà Ọba
Bàbá Ìbejì, kí ló dé? Bí gbogbo wa bá ní a ò fọwọ́ sí i, níbo ni oògùn tí à ń lò máa ti wá?

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Èmi rèé o. Ibà Lassa ló gbé mi dé FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ní oṣù kejì ọdún 2019. Ibà lásán ni mo pè é, mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀fun ń dùn mí bí ẹni gbé ẹ̀gún mì, ojú mi pọ́n. Wọ́n gbé mi sí wọ́ọ̀dù tó dá dúró. Ẹni tó bá máa wọlé á wọ aṣọ láti orí dé ẹsẹ̀, awò gbàǹgbà lójú, ìbọ̀wọ́ méjì méjì. Wọ́n máa ń fi bírò kọ orúkọ wọn sí àyà kí a lè mọ ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ohùn ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ títí mo fi jáde. Ribavirin, oògùn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, ni wọ́n ń fà sí mi lára fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìwádìí fún mi. Àwọn dókítà Ọ̀wọ̀ ni, pẹ̀lú ALIMA, ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ìṣègùn, àti àwọn olùwádìí láti Bordeaux nílẹ̀ Faransé. Wọ́n ka ìwé náà sí mi létí ní Yorùbá, wọ́n ní bí mi ò bá fẹ́, ìtọ́jú mi kò ní torí ẹ̀ yí padà. Mo gbà. Oṣù kẹrin 2018 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹta 2020 ni wọ́n dáwọ́ dúró, àbọ̀ ẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan, Lancet Global Health, ní 2021. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ló ṣí i fún mi lórí fóònù. Èèyàn 510 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé Lassa ló ń ṣe wọ́n. 62 kú. Mo wo 62 yẹn títí. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ló máa ń bi mí pé kí ni wọ́n ń sè nílé wa.

Wọ́n rí i pé ẹni tó ti tó 45 sókè, ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àti ẹni tí fáírọ́ọ̀sì náà pọ̀ lẹ́jẹ̀ ẹ̀, àwọn ni ikú súnmọ́ jù. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ tọ̀sán tòru. Ọmọ Ìjàpọ̀, wọn kì í padà wá kanlẹ̀kùn ẹni. Àmọ́ àbọ̀ máa ń jáde.

Ẹlẹ́kọ Òkè Àró
Ṣé òótọ́ ni pé gàrí ló ń fa Lassa?

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Gàrí kọ́, eku tó tọ̀ sí gàrí ni. Eku kékeré tó ń wọlé wá yẹn, èyí tí ọmú ẹ̀ pọ̀ láti àyà dé ikùn. Òun ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri, kò sì ní ṣe òun fúnra ẹ̀ ní nǹkan kan. Ó lè kó láti ara èèyàn sí èèyàn náà, nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì, ìdí tí wọ́n fi ń wọ aṣọ yẹn nìyẹn.

Bọ̀dá Ìdànrè
Àwọn bàbá wa ń sá gàrí àti láfún sẹ́bàá títì látijọ́. Ta ló kú nínú wọn?

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Ẹni tó kú nígbà yẹn, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àrùn yẹn, ní ìlú Lassa ní Borno, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ.

Bọ̀dá Ìdànrè
Kò tíì dá mi lójú. Àmọ́ màá sọ fún ìyá mi kó máa sá tiẹ̀ sínú ọgbà, kó sì máa fi ọmọrí dé e.

Nọ́ọ̀sì Aláàgbákà
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìjàpọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ "ẹ̀jẹ̀ yín ò ṣeé lò" yẹn sì máa ń bà mí nínú jẹ́. Ẹni tó rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. Bó bá mọ̀ nígbà náà ni, skáànù ẹ̀dọ̀ àti àyẹ̀wò AFP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè tọ́ka sí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, lóṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ì bá máa ṣe, bóyá pẹ̀lú tenofovir, oògùn tó ń tẹ fáírọ́ọ̀sì náà rì, lójoojúmọ́. Bí a bá tètè rí kókó kékeré lẹ́dọ̀, ó ṣeé gé.

Ó sì pọ̀ lára wa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 nítorí HIV, wọ́n wo hẹpatáítìsì náà mọ́ ọn: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, bíi mẹ́jọ ló ní B. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé wọ́n ṣe ìṣekúṣe. Ọ̀pọ̀ ló gbà á lára ìyá wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Ọmọ tuntun mẹ́wàá tó bá gbà á, lára mẹ́sàn-án ni kò ti ní kúrò mọ́. Àgbàlagbà tó bá gbà á, ara ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló máa lé e lọ fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ wọ itan ọmọ láàárín wákàtí 24. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má gbà.

Bàbá Ìsìnkàn
Èmi ní in ní 2015. Ojú mi pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ mi dúdú bíi tíì. Àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí ìyá kan ń tà ládùúgbò wa ni mo mu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ojú kéré àgbo.

Nọ́ọ̀sì Aláàgbákà
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àgbà ni yín nígbà tó mú yín, ara yín ló lé e, àgbo ló wá gba ìyìn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ẹni tí tiẹ̀ kò lọ, tó ń mu àgbo kan náà, tó ń rò pé ó ti tán nítorí pé ojú ẹ̀ funfun. Àgbo mìíràn sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ bá mi ṣe àyẹ̀wò HBsAg, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá hẹpatáítìsì B ṣì wà lára, ẹyọ kan péré.

Bàbá Ìsìnkàn
Màá ṣe é. Bí kò bá sí ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Aláàgbákà
Màá bá yín yọ̀ ni, sà.

Ìyàwó Arákàlẹ̀
Mo ti ń kà á láti òwúrọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2022, ṣọ́ọ̀ṣì ní kí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó so wá pọ̀. HIV, jínótáìpù, hẹpatáítìsì. Tiẹ̀ jáde pé ó ní B. Iwájú ìgbìmọ̀ ni wọ́n ti kà á jáde, orí ẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ àga. Àwọn èèyàn mi ní kí n jáwọ́. Ó wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá mi bu iyán fún un nínú àwo ike kan, àwo aláwọ̀ ewé. Ó jẹun tán, ìyá mi fọ àwo yẹn lọ́tọ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná, kò sí ẹni tó tún lò ó. Ó rí i. Kò sọ nǹkan kan.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan. Ó yẹ̀ mí wò, mi ò ní in. Ó gún mi lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, òmíràn lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò pé abẹ́rẹ́ ti jẹ́. A ṣègbéyàwó. Wọ́n gún ọmọ wa lábẹ́rẹ́ kí ó tó pé wákàtí mẹ́ta láyé. Ọkọ mi wà nínú ìwádìí kan báyìí, wọ́n ń yẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó sì máa ń lọ kí ọjọ́ tó pé. Lọ́jọ́ ìkómọ, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìdáná. Àwo yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹlẹ́kọ Òkè Àró
Àwo yẹn pa mí lẹ́kún.

Aláṣọ Ọjà Ọba
Wọ́n kọ ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ nítorí ẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ti dá aṣọ ẹbí, ọwọ́ mi ni wọ́n ti rà á.

Nọ́ọ̀sì Aláàgbákà
Hẹpatáítìsì B kì í gba inú àwo kó èèyàn. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ́, ìyá sí ọmọ. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìdáná.

Bọ̀dá Ìdànrè
Síbẹ̀ ó yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀.

Ìyàwó Arákàlẹ̀
Ó yẹ kí èmi mọ̀, sà. Ìgbìmọ̀ kọ́ ló fẹ́ sùn tì í.

Bọ̀dá Ìdànrè
Ẹ máa bínú. Òótọ́ ni.

Olùkọ́ Ẹ̀kìmọ́gùn
Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló pa ìyá mi. Ìbàdàn ni wọ́n ní ká máa lọ fún ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy), a máa ń wọ ọkọ̀ ìdájí, ìyá mi á tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó tì í. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ìyẹn náà, HPV. Harald zur Hausen ará Jámánì ló fi hàn, ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ẹ̀ ní 2008. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ó dé ọ̀dọ̀ wa ní 2024. Nílé ìwé mi, òbí tó kọ̀ pọ̀. Wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn rọ́mọ bí. Mo mú fọ́tò ìyá mi lọ sí ìpàdé òbí. Mo ní ní Sweden, wọ́n tọpa obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ fún ọdún púpọ̀, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún 17, jẹjẹrẹ yẹn fi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn. Fọ́tò yẹn ni wọ́n gbọ́ ju 88 lọ.

Bàbá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé
Ẹ bi mí ní ìdí, ẹ gbọ́. Kókó kan yọ sí ọmú ìyàwó mi, wọ́n gé e ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí fọ́tò lójú pátákó nínú kíláàsì. Ọmú ìyàwó mi ni. Nọ́ḿbà káàdì ẹ̀ wà nísàlẹ̀ gbangba. Kò sẹ́ni tó bi wá. Ìyàwó mi kò lọ ọsibítù fún ọdún mẹ́rin. Ẹ sì rántí Kánò ní 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ẹ má pè mí ní aláìmọ̀kan.

Aláṣọ Ọjà Ọba
Ẹ forí jì mí, Bàbá Ìbejì. Mi ò mọ̀.

Olùkọ́ Ẹ̀kìmọ́gùn
Ìbínú yín tọ́. Irú jẹjẹrẹ ìyá mi yẹn náà ló ṣe Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Baltimore ní 1951. Wọ́n gba díẹ̀ lára kókó ẹ̀ láìbi í, ó sì ń dàgbà nínú ìgò lábù káàkiri ayé títí dòní. Ó lé ní ogún ọdún kí ìdílé ẹ̀ tó gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Aláàgbákà
Òfin ìlera wa ti 2014 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára yín láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti là á yé yín. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà. Ẹ wo nọ́ḿbà tó wà nísàlẹ̀.

Ọmọ Ìjàpọ̀
Ẹ ṣé gan-an. Nítorí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí ni mo ṣe lọ tú báàgì ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀dà wà níbẹ̀. Bírò ti gbọ̀n níbi tó fọwọ́ sí, nọ́ḿbà wà nísàlẹ̀. Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Obìnrin kan gbé e, ó ní iṣẹ́ náà kò tíì parí, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀ láti fi àbọ̀ ránṣẹ́. Ó wá bi mí pé àwa ọmọ ìyá ẹ̀ ńkọ́, ṣé a ti yẹ ara wa wò? Kò sẹ́ni tó ti bi wá bẹ́ẹ̀ rí. Àwa mẹ́ta lọ lánàá. Lábù, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìlà kan, a ò ní in. Ti àbíkẹ́yìn wa, ìlà méjì, ó ní in. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n ní kó wá fún skáànù ní Ọjọ́rú.

Nọ́ọ̀sì Aláàgbákà
Kó má jẹun àárọ̀ kó tó wá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́jọ.