Ìyá mi kò lè dìde, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti pa ilé ìwé tì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbíkẹ́yìn béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló mú. Ọsibítù ńlá tọ́jú wọn títí ojú fi wálẹ̀, wọ́n kó oògùn lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Kò sẹ́ni tó fi bí a ṣe ń gbé wọn jókòó hàn wá. Abúlé ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti fàáké kọ́rí pé àwọn kò ní kúrò níbẹ̀. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan wà ní abúlé kejì, òṣìṣẹ́ ìlera kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe. Ọsibítù jìnnà, bí òjò bá sì ti rọ̀, mọ́tò kì í gba ọ̀nà náà.

Ìlú ńlá ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń wà lóko láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 13, ló wá ń tọ́jú Màmá. Ó kọ́kọ́ ń pẹ́ dé ilé ìwé, ó wá ń pa ọjọ́ mìíràn jẹ, ní báyìí kò lọ mọ́. Mo bi í léèrè, ó ní, “Àǹtí, bí mo bá lọ, ta ni yóò fún Màmá lómi?” Ẹnu mi wọhò.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ní ká wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ta ni mo lè ké sí? Kí ni mo lè béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera kan ṣoṣo tó ní iṣẹ́ lọ́rùn tẹ́lẹ̀? Àti pé ojú ibì kan ti ń pupa ní ìdí Màmá, mi ò mọ̀ bóyá ooru ni.

Bàbá Ìbejì:

Ẹ gbé Màmá wá sọ́dọ̀ yín ní ìlú ńlá. Ó tán.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Bàbá Ìbejì, Màmá ti ní àwọn kò lọ. Ọpọlọ wọn pé, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn.

Àbúrò, ojú ibi tó pupa yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, ìyókù lè dúró dọ̀la. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ gbé ìka kúrò. Bí pupa ibẹ̀ bá parẹ́ díẹ̀ kó tó padà, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀. Bí ó bá dúró bó ṣe wà láìyí padà, egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ nìyẹn. Pupa lè má hàn lára ẹni tó dúdú dáadáa, nítorí náà ẹ fọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, àbí ó le, àbí ó ń dùn wọ́n? Ẹ má fi òróró wọ́ ọ o. Wíwọ́ ń ba ẹran abẹ́ rẹ̀ jẹ́ sí i ni.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí Màmá má fi ibẹ̀ dùbúlẹ̀. Ní wákàtí méjì-méjì, ẹ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́yìn náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí wọ́n má sì fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀ títí ibẹ̀ yóò fi jọ ara tókù. Ẹ fi ìrọ̀rí kan ti ẹ̀yìn wọn, kí ẹ fi ọ̀kan sáàárín orúnkún méjèèjì, kí ẹ wá fi òmíràn sábẹ́ ẹsẹ̀, láàárín orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì rárá. Ìlédìí tó bá ti tutù kò gbọdọ̀ pẹ́ lára wọn.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ di apá ọ̀tún yẹn mú láti fi fà wọ́n dìde. Èjìká tó ti rọ tètè máa ń yẹ̀, ìrora rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀.

Ní ti òṣìṣẹ́ ìlera yẹn, ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá ní gbogbo ìgbà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá lẹ́ẹ̀kan, kó kọ́ ẹni mẹ́ta ní yíyí, jíjókòó, ìwẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì àti wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ó dúró kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe é lójú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ wọn kì í kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó ń dín wàhálà tiwọn náà kù.

Ọmọ Àgbẹ̀:

Ẹ má bínú o. Ṣebí àwa náà tọ́jú ìyá àgbà wa nígbà tí a wà ní kékeré, kò pa wá. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ilé ìwé kò ní sá lọ.

Tísà:

Ọmọ Àgbẹ̀, ọmú ọmọ rẹ̀ ni òwe wí, kò dárúkọ ọmọ-ọmọ. Ilé ìwé kò ní sá lọ lóòótọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sá lọ. Ọmọbìnrin tó bá ti pàdánù odindi sáà kan, ojú máa ń tì í láti wá jókòó láàárín àwọn tó kéré sí i. Ọ̀pọ̀ ni kì í padà mọ́. Kó máa bu omi fún ìyá àgbà lẹ́yìn ilé ìwé, ìyẹn dára. Kó máa dá àgbàlagbà yí ní ọ̀sán gangan, ẹ̀yìn tirẹ̀ ńkọ́?

Àbíkẹ́yìn, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé fúnra yín, ẹ má rán ọmọ náà. Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé bó ṣe rí, torí ìsáǹsá ni wọ́n á máa pè é níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n má yọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n gbà á láyè láti pẹ́ dé fún ìgbà díẹ̀, kí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó ń gbé nítòsí sì máa mú ìwé wá kó dà kọ. Bí wọ́n bá ń fà sẹ́yìn, ẹ rántí Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1989. Abala 28 ní kí ìjọba wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ yóò fi máa wá déédéé, tí àwọn tó ń fi ilé ìwé sílẹ̀ yóò sì fi dín kù. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ o! Ẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́:

Ìyá ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó lọ, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Bí ẹ bá kàn ní “ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ràn wá lọ́wọ́”, gbogbo èèyàn á ní “kò burú”, ẹnìkan ò ní yọjú. Orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí ni kí ẹ dá. Bíi kí ẹ sọ fún aládùúgbò pé, “Ìyá Ṣadé, ní ọjọ́ Túsìdeé, láti aago mẹ́jọ sí aago mọ́kànlá, ẹ kàn bá wa jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì bá wa yí wọn lẹ́ẹ̀kan.” Èèyàn rọrùn láti rí fún wákàtí mẹ́ta. Ẹgbẹ́ obìnrin, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, ibi tí wọ́n bá ti mọ Màmá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn, ọmọ ẹlòmíràn tí kò lọ sílé ìwé ni yóò jẹ́.

Alága Àdúgbò:

Ẹ béèrè bóyá ilé ìlera yẹn ní ìgbìmọ̀ ará ìlú. Láti ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tí wọ́n ṣe ní Alma-Ata ní 1978 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe láti dá sí ètò ìlera wọn. Bí ìgbìmọ̀ bá wà, ẹ lọ bá wọn jókòó: ó dájú pé Màmá nìkan kọ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo àwọn abúlé yẹn. Ẹ̀kọ́ ọ̀sán kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ṣe fún ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún sàn ju kó máa lọ láti ilé dé ilé lọ. Ẹ bá wọn sọ ti ọkọ̀ náà, ẹni tí a lè pè lóru nígbà òjò, kó tó di ọjọ́ tí a máa nílò rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn:

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ojú ibẹ̀ bí Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣe wí, pupa rẹ̀ parẹ́ díẹ̀, ó sì padà. Ìyá Ṣadé tiwa (orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn o) ti gba Túsìdeé.

Ṣùgbọ́n Màmá máa ń húkọ́ bí wọ́n bá ń mu omi, wọ́n sì máa ń sunkún láìnídìí. Ṣé kò léwu?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ikọ́ yẹn léwu. Omi ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ẹ gbé wọn jókòó tààrà kí ẹ tó fún wọn ní ohunkóhun, ṣíbí kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó lágbára, kí ẹ dúró kí wọ́n gbé e mì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n ṣì jókòó fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ. Kí òṣìṣẹ́ ìlera wò wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Bí ibà bá dé, tàbí tí mímí wọn bá yí padà, ẹ má dúró dọ̀la, ọsibítù ni.

Ẹkún náà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lára àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ má sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ara wọn ti fúyẹ́. Apá òsì ni kí ẹ máa wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́.

Ìyá Àdùkẹ́:

Gbogbo wa ń sọ ti ọ̀sán. Ta ló ń yí wọn lóru?

Àbíkẹ́yìn:

Ọmọ náà ni, Mà. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kò mọ̀ pé ó máa ń jí. Àwọn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti alẹ́ òní, mo sì máa gba tòru òpin ọ̀sẹ̀. Mọ́ńdè ni mo ń lọ rí ọ̀gá ilé ìwé.

Tísà:

Ẹ mú ìwé tó lò kẹ́yìn dání, kí wọ́n lè rí ibi tó dé.