Módẹ́ẹ̀lì ibà mọ àwòrán NIH dáadáa, àmọ́ ó ń ṣìnà lórí súláìdì tiwa

Awòran_Sẹ́ẹ̀lì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fi àwòrán sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ 27,558 ti NIH, ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, kọ́ ResNet-50, módẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà tó ń dá àwòrán mọ̀, kó lè mọ sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó mọ́. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi ìdá 80 nínú 100 kọ́ ọ, mo fi ìdá 20 tó kù dán an wò, ó sì gbà ju 96 lọ nínú 100. Nígbà tí a gbé e lọ sórí súláìdì ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, tí a fi fóònù yà láti ojú máíkírósíkóòpù, kò gbà tó 70. Àwòrán 224 × 224, learning rate (bí módẹ́ẹ̀lì ṣe ń yí padà tó ní ìgbésẹ̀ kan) 0.001, epoch (iye ìgbà tó ka gbogbo àwòrán ìkọ́ni tán) 20. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ìbéèrè kejì: a fẹ́ máa fi àwòrán ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn sí kọ̀ǹpútà tó wà ní lábù. Báwo la ṣe máa ṣe é tí àṣírí aláìsàn kò fi ní tú?

Ojú_Ẹ̀rọ
Ẹ kú ìyànjú. 96 yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Sẹ́ẹ̀lì 27,558 yẹn kì í ṣe ti èèyàn 27,558. Ara èèyàn 200 ni wọ́n ti gbà wọ́n, 150 tó ní ibà falciparum àti 50 tí ara wọn dá, ní Chittagong Medical College Hospital ní Bangladesh. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ kí ẹ tó pín wọn, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà á wà níbi ìkọ́ni, á tún wà níbi ìdánwò. Bí àró ṣe mú súláìdì onítọ̀hún, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, módẹ́ẹ̀lì ti mọ gbogbo ẹ̀ sórí.

Orúkọ fáìlì ló máa yọ yín. Bí ẹ bá rí C100P61ThinF_IMG_…, C100P61 ni aláìsàn náà. Ẹ gé e jáde, ẹ fi ṣe group nínú GroupKFold (irinṣẹ́ tó ń pín détà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́) ti scikit-learn, kí aláìsàn kan má baà wà ní apá méjèèjì. Máàkì yín á wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́, òun ni òótọ́ ibẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fojú sí. Lára àwòrán NIH, wọ́n ti gé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yíká, wọ́n sì sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Bí ẹ bá kàn gé igun mẹ́rin lára àwòrán tiyín, tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń yọjú létí, módẹ́ẹ̀lì kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ ṣe tiyín bíi tiwọn: Otsu (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ààlà láàárín sẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀yìn rẹ̀) lórí àwọ̀ green, ẹ dí ihò tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi watershed ya àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ wá sọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì di 0, ìyẹn dúdú. Ẹ fi dúdú kún etí rẹ̀ títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi dọ́gba kí ẹ tó sọ ọ́ di 224. Bí ẹ bá kàn fà á, sẹ́ẹ̀lì róbótó á di gbọọrọ.

Learning rate 0.001 lórí gbogbo layer (ìpele inú módẹ́ẹ̀lì) pọ̀ jù, ó ń pa ohun tí ResNet ti kọ́ lára ImageNet, àkójọ àwòrán ńlá kan, rẹ́ ni. Ẹ ti ìsàlẹ̀ pa kó má baà yí padà, ẹ kọ́ layer òkè pátápátá nìkan ní 0.001 fún epoch 5, lẹ́yìn náà kí ẹ tú block (àkójọ layer) tó kẹ́yìn sílẹ̀ ní 0.00001. Kí ẹ sì fi díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn Ìbàdàn kún ìkọ́ni, kí ẹ pa àwọn yòókù mọ́ fún ìdánwò.

Lábù_Àgbà
Gbogbo ohun tí wọ́n sọ yẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ kí fóònù tó débẹ̀. Bọ́fà (omi tí pH rẹ̀ kì í tètè yí) pH 7.2 ni kí ẹ fi po Giemsa, àró tí a fi ń kun súláìdì. Bí pH bá lọ sílẹ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì á pọ́n, búlúù ara kòkòrò á ṣá. Bí ó bá ga jù, gbogbo rẹ̀ á ṣe búlúù. Giemsa 3% fún ìṣẹ́jú 45 sí 60 mọ́ ju 10% oníkánjúkánjú lọ. Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó lò ó, torí èérún àró tó bá lé sórí sẹ́ẹ̀lì jọ kòkòrò gan-an lójú ẹ̀rọ. Súláìdì gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí ẹ tó tì í bọ methanol (ọtí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ súláìdì), kí ẹ sì máa dé ìgò methanol náà: omi díẹ̀ péré tó bá wọ inú rẹ̀ á dá ihò tó ń dán sára sẹ́ẹ̀lì.

Platelet (ẹyọ kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì) tó bá gùn sẹ́ẹ̀lì lórí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹni tó wà nídìí máíkírósíkóòpù á yí fókọ́ọ̀sì díẹ̀, á rí i pé òkè ló wà. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ ìyẹn, nítorí náà ẹ ya mẹ́ta ní fókọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ tún rántí àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Spleen wọn, ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà àmì róbótó kan tó dúdú, Howell-Jolly, máa ń ṣẹ́ kù sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn. Módẹ́ẹ̀lì á pè é ní kòkòrò. Ẹ wá súláìdì SS tí kò ní ibà, kí ẹ fi kọ́ ọ.

Ẹ má sì gbé módẹ́ẹ̀lì yìí sórí thick film (súláìdì tí ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ki) láéláé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ti bẹ́ níbẹ̀, kò sí sẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa gé.

Awòran_Sẹ́ẹ̀lì
Ẹ ṣeun gan-an. Ní ti súláìdì odindi ńkọ́? Ṣé bí módẹ́ẹ̀lì bá ti rí sẹ́ẹ̀lì kan tó ní kòkòrò, ká sọ pé aláìsàn ní ibà?

Ojú_Ẹ̀rọ
Rárá o! Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Inú détà NIH, ìdajì ló ní kòkòrò, 13,779 sí 13,779. Lára èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní sẹ́ẹ̀lì 1 nínú 1,000 ló ní in, èyí tó tó nǹkan bíi kòkòrò 5,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí ẹ bá wo sẹ́ẹ̀lì 10,000, 10 ló ní kòkòrò. Módẹ́ẹ̀lì tí specificity rẹ̀ (ìdá sẹ́ẹ̀lì tó mọ́ tó ń pè ní mímọ́) jẹ́ 97% á fi ẹ̀sùn èké kan nǹkan bíi 300 lára àwọn tó mọ́. Mẹ́wàá ti sọnù sáàárín wọn.

Ẹ kó súláìdì tí ẹ mọ̀ dájú pé kò ní ibà jọ, ẹ jẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì kà wọ́n, ẹ gbé ààlà (bó ṣe gbọ́dọ̀ dá módẹ́ẹ̀lì lójú tó kó tó pe sẹ́ẹ̀lì ní oníkòkòrò) sókè títí ẹ̀sùn èké kò fi ní ju 2 lọ nínú 10,000. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣì mú lórí àwọn súláìdì yẹn, ẹ dá wọn padà sínú ìkọ́ni gẹ́gẹ́ bí èyí tó mọ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Iye sẹ́ẹ̀lì tó mú ni kí ẹ fi dájọ́ aláìsàn.

Àrokò256
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìfiránṣẹ́. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ AES (ọ̀nà títi détà pa tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ń tì, tó sì ń ṣí) kan náà sínú gbogbo fóònù. Ẹni tó bá jí ọ̀kan ti jí gbogbo rẹ̀. Sealed box ti libsodium (àkójọ kóòdù fún títi détà pa) ni kí ẹ lò: kọ́kọ́rọ́ tó ń tì nìkan ló wà lórí fóònù, èyí tó ń ṣí kò kúrò ní lábù. Àmọ́ sealed box kì í sọ ẹni tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, nítorí náà kí fóònù kọ̀ọ̀kan fi kọ́kọ́rọ́ Ed25519 (ti ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà) tirẹ̀ bu ọwọ́ lu ohun tó bá fi ránṣẹ́. Kí TLS (ààbò tó ń bo ohun tó ń kọjá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ṣì wà lójú ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ AES-GCM (irú AES kan) lẹ yàn, nonce (nọ́ńbà àlòlẹ́ẹ̀kan) báìtì 12 kan kò gbọdọ̀ bá kọ́kọ́rọ́ kan náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣẹlẹ̀, àwòrán méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara wọn fó, ọ̀tá á sì lè ṣe ayédèrú iṣẹ́ tí lábù á gbà wọlé. Ohun tó máa ń fà á ni pé wọ́n tún áàpù fi sórí fóònù, nonce sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 0.

Ohun tó wà ní ìta àpótí ńkọ́? Ẹ yọ EXIF (ìsọfúnni tí fóònù ń fi pamọ́ sínú àwòrán), torí GPS wà níbẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn sí orúkọ fáìlì. Ẹ má sì rò pé SHA-256 (ìṣirò tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àmì tí a kò lè dá padà) nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bo àṣírí kankan: nọ́ńbà Nàìjíríà jẹ́ díjíìtì 11, 0 ló sì bẹ̀rẹ̀, kò lè ju bílíọ̀nù 10 lọ. GPU (ẹ̀rọ ìṣirò yíyára) kan á gbìyànjú gbogbo rẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fún aláìsàn ní nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, kí ilé ìwòsàn pa ìwé tó so ó mọ́ orúkọ mọ́. Òfin ààbò détà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba ìṣọ́ra àkànṣe.

Awòran_Sẹ́ẹ̀lì
Bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ ara rẹ̀, tó jẹ́ gradient (àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí módẹ́ẹ̀lì ṣe yẹ kó yí padà) nìkan ló ń jáde ńkọ́?

Àrokò256
Láti 2019 ni wọ́n ti fi hàn pé èèyàn lè tún àwòrán yọ jáde láti inú gradient, pàápàá bí batch (iye àwòrán tí a kà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) bá kéré. Secure aggregation ló ń dí ihò yẹn, torí àròpọ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà àárín á rí. Ilé ìwòsàn mélòó lẹ ní? Bí wọ́n bá jẹ́ méjì péré, ọ̀kan á yọ tirẹ̀ kúrò lára àròpọ̀, ti èkejì ló máa kù sí i lọ́wọ́.