Ẹ jẹ́ ká yọ “sókè” kúrò lára ìdàgbàsókè ọpọlọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn òbí ló béèrè pé kí la máa pe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ èèyàn, láti inú oyún títí dé ogbó, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń yí padà. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: “ìdàgbàsókè ọpọlọ”, “àyẹ̀wò ọpọlọ”, àti ti bùrọ̀dá tó ní ká pín in sí méjì, “ìdàgbàsókè” fún ọmọdé, “ìjórẹ̀yìn” fún àgbà. Ẹ má bínú sí mi, n kò lè fọwọ́ sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwòrán náà fi hàn, nítorí ibẹ̀ ni “sókè” ti máa dá wa lẹ́jọ́. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kó àwòrán ọpọlọ 123,984 jọ, ti èèyàn tó lé ní 101,000, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọlẹ̀ ọjọ́ 115 nínú ìyá rẹ̀, èyí tó dàgbà jù sì ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fẹ́ kí ọpọlọ náà ní àtẹ ìwọ̀n tirẹ̀, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wo bí ọmọ ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí. Kí ni wọ́n rí? Èèpo ọpọlọ, apá tó ní àwọ̀ eérú yẹn, kò tíì pé ọdún mẹ́fà tó fi dé góńgó. Láti ibẹ̀ lọ, ó ń dín kù ni. Apá funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní tirẹ̀ títí èèyàn fi ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Omi tó wà nínú ihò ọpọlọ sì ń pọ̀ sí i kíákíá nígbà ogbó. Nínú nǹkan mẹ́ta tó ń rìn lọ́nà mẹ́ta yìí, èwo ló ń lọ “sókè”?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun náà. Láti 1999 ni Jay Giedd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ya àwòrán àwọn ọmọ kan náà léraléra, ti sọ pé apá eléérú iwájú ọpọlọ ń pọ̀ sí i títí di bí ọdún mọ́kànlá fún obìnrin, méjìlá fún ọkùnrin, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. (Bí ọjọ́ orí wọn kò bá bá ti 2022 mu, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: apá ibi tí wọ́n wọ̀n yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ náà yàtọ̀.) Díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ rò pé ó fà á ni pé ọpọlọ ọmọdé máa ń ní ìsopọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ju èyí tó nílò lọ, ó sì ń gé èyí tí kò lò dànù. Dókítà Peter Huttenlocher ti ka ìsopọ̀ wọ̀nyí nínú ọpọlọ òkú, lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1979. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán alààyè kò lè rí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ní oko kòkó rí mọ̀ pé ẹni tó ń rẹ́ ẹ̀ka kì í ṣe ẹni tó ń ba oko jẹ́.

Ìdí nìyí tí “ìjórẹ̀yìn” bùrọ̀dá kò fi lè dúró. Bó bá jẹ́ pé dídínkù ni ìjórẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìṣirò dáadáa ti ń jó rẹ̀yìn nìyẹn! Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: tí a bá fi ìjórẹ̀yìn pe ogbó, a ó máa ka ṣíṣarán mọ́ ohun tí gbogbo àgbà gbọ́dọ̀ rí. Àìsàn ni. Ìwádìí tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ ṣe, ní Ìdíkàn nílùú Ìbàdàn àti ní Indianapolis, jáde ní 2001: iye àwọn arúgbó Yorùbá tó ń kó sínú ìṣarán lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ wọn. Bó bá ṣe pé ọjọ́ orí nìkan ló ń fà á, ṣé ìyàtọ̀ á pọ̀ tó báyẹn?

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá, ẹnu wa ló wà látilẹ̀. “O ti ń dàgbà o” là ń sọ fún ọmọ tí ṣòkòtò rẹ̀ kò dé kókósẹ̀ mọ́. “Bàbá ti dàgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn yẹn” là ń sọ nípa ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́. “Sókè” tí a lẹ̀ mọ́ ọn ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjọba, ti ìdàgbàsókè ìlú àti ọrọ̀ ajé, ti ọ̀nà ọ̀dà àti iná mànàmáná. Ẹ já a kúrò. “Ìdàgbà ọpọlọ” ti tó.

“Àyẹ̀wò ọpọlọ” ni mo bẹ̀rù jù. Ìyá wo lẹ máa sọ fún pé ẹ fẹ́ yẹ ọpọlọ ọmọ rẹ̀ wò, tí kò ní bi yín pé ta ló sọ pé ọmọ òun ń ya wèrè? Ẹnì kan tiẹ̀ dábàá pé ká kúkú sọ pé “a fẹ́ wo inú orí ọmọ yín”. Áà! Orí wo? Wọ́n á ní ẹ̀yin dókítà náà ti ń dífá. “Skáànù” ni aráàlú ń pè é, “wọ́n ní kí n lọ ya skáànù”, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Skáànù ọpọlọ” nínú ìwé àwọn òbí, “ìyàwòrán ọpọlọ” nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, tí ẹ bá ń fẹ́ kó dún bí ìwé.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ìyá fẹ́ mọ̀ ju orúkọ lọ ni ohun tí wọn yóò ṣe sí ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òòfà ńlá ni ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń pè ní MRI, kò lo ìtànṣán bíi ti X-ray, àmọ́ ariwo rẹ̀ pọ̀. Ìkókó kì í sábà gba oògùn oorun torí ìwádìí báyìí: wọ́n á fún un lọ́mú yó, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á dí i létí, tó bá ti sùn lọ ni wọ́n á rọra tì í wọlé. Tó bá mirí, àwòrán á dàrú. Ẹ sì sọ fún àwọn òbí pé ẹ̀rọ náà kì í ka èrò ọkàn. Àwọn tó ń pè é ní “ẹ̀rọ tó ń ka èrò” nínú ìwé ìròyìn ń ṣeré ni. Irú skáànù tó ń wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, tí onímọ̀ Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ọ̀nà rẹ̀ ní 1990, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tọpa.

Tí a bá fẹ́ fi “jálẹ̀ ayé èèyàn” kún orúkọ iṣẹ́ náà, ìyẹn tún ń kọ mí lóminú díẹ̀. Ẹni tó bá kà á á rò pé ẹnì kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti oyún dé ogbó. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwòrán inú iṣẹ́ 2022 kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tò ní ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. “Láti ọlẹ̀ dé arúgbó” kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n gba ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá bí 12,000 wọlé, tí wọ́n sì ń pè wọ́n padà fún skáànù bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ẹ kọ ọ́ ní “títẹ̀lé ìdàgbà ọpọlọ àwọn ọmọ kan náà”.

Èyí tó kù lọ́rùn wa ni “iṣan”. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú iṣan, ẹran apá jẹ́ iṣan, a sì tún ń pe okùn tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ ní iṣan. Nínú ìwé tó máa dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ewé kan, kí la fẹ́ ṣe? Ẹ dákun, ẹni tó bá ní àbá kó mú un wá.