Fítámì wo ni kí n fi rán ẹni tó ń lọ sílé sí Màámi?

Ọmọ Ajílété, Leeds:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi kan ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Màámi wá ní kí n fi "fítámì òyìnbó" rán an sáwọn, irú èyí tí ọmọ ìyá kan ládùúgbò fi ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, ó sì máa ń jó wọn wìnnìwìnnì lálẹ́. Mo dé ìsọ̀ níbí, ìgò tó wà níbẹ̀ ò lóǹkà. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Tóbí, Houston:
Mú èyí tó lágbára jù! Ní tèmi, fítámì D 10,000 IU ni mò ń lò lójoojúmọ́, pẹ̀lú òróró ẹ̀dọ̀ ẹja àti B-complex, àkópọ̀ fítámì B. Ara mi le koko.

Àǹtí Apòògùn, Manchester:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Ọmọ Ajílété, má tíì ra nǹkan kan. Ní kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo oògùn tí Màmá ń lò ránṣẹ́ sí ọ, títí kan àgbo inú ìkòkò àti hóró oògùn tí wọ́n rà nínú ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ló máa sọ ohun tí a lè fi kún un.

Ọmọ Ajílété, Leeds:
Fọ́tò ti dé, Àǹtí. Metformin ni, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, àti lisinopril, ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n tún ní ẹnìkan ń ta kápúsù kan fáwọn, tó ní ó máa wo ìtọ̀ ṣúgà sàn pátápátá.

Àǹtí Apòògùn, Manchester:
Ká ti ibi kápúsù yẹn bẹ̀rẹ̀. Ní UK níbí àti ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí ẹni tó ń ta àfikún oúnjẹ sọ pé ó ń wo àrùn sàn. Wọ́n sì ti yẹ irú kápúsù bẹ́ẹ̀ wò rí, tí wọ́n bá ojúlówó oògùn ṣúgà nínú rẹ̀, tí kò sí orúkọ rẹ̀ lára ìgò. Ẹni tó bá wá lo ìyẹn mọ́ oògùn dókítà, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Kí Màmá fi í sílẹ̀, kí wọ́n má sì jáwọ́ nínú metformin nítorí rẹ̀.

Ó kan ẹsẹ̀ tó ń jó wọn. Metformin máa ń dín fítámì B12 tí ara ń gbà kù, pàápàá fún ẹni tó ti ń lò ó pẹ́. MHRA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní UK, ránni létí èyí lọ́dún 2022. Bí B12 bá lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ lè máa jóni. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà fúnra rẹ̀ náà lè fa ohun kan náà, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa là á yé wa. Kí wọ́n gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà wọn, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen tàbí ti LAUTECH. Bó bá jẹ́ B12 ni, abẹ́rẹ́ ni dókítà lè kọ, ó sì lè jẹ́ hóró.

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ yẹ ẹ̀yìn ìgò B-complex yín wò, kí ẹ rí iye fítámì B6 tó wà nínú rẹ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ní kéèyàn má kọjá 10 mg lóòjọ́ àyàfi bí dókítà bá ní kó lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìgò mìíràn ní 50 tàbí 100. Àpọ̀jù B6 fúnra rẹ̀ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ẹsẹ̀ á sì máa jóni. Ẹ wá rí i: ohun tí à bá fi rán Màmá fún ẹsẹ̀ lè dá kún ìyà ẹsẹ̀.

Lisinopril ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí potassium pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Má fi hóró potassium ránṣẹ́, má sì ra iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Potassium ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Bàbá Tóbí, Houston:
Àǹtí, ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa D mi o. 😄

Àǹtí Apòògùn, Manchester:
Mò ń bọ̀ níbẹ̀. 10,000 IU láìsí dókítà níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìmọ̀ràn ibí fún àgbàlagbà ni pé kó má kọjá 4,000 IU lóòjọ́, ìyẹn 100 maikirógíráàmù. D kì í tètè bá ìtọ̀ jáde bíi C. Ó máa ń gbárajọ, á sọ calcium inú ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀, kíndìnrín ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Bí dókítà bá yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò tó sì kọ ọ́ fún yín, ìyẹn yàtọ̀.

Ọmọ Ajílété, ìwọ gan-an ló yẹ kó ra D! Oòrùn Leeds láti October sí ìbẹ̀rẹ̀ March kò lè ṣe é fún ara rẹ. Àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní ká ro ti 10 maikirógíráàmù, ìyẹn 400 IU, yípo ọdún. Kò wọ́n rárá.

Ìyá Ìbejì, Calgary:
Ní Canada, ẹ wo NPN, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ ìjọba, lára ìgò, nọ́ńbà mẹ́jọ ni. Nílé, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń da hóró sínú ọ̀rá kí ẹrù lè fúyẹ́, ẹ dákun! Ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ èwo, tàbí ọjọ́ tó máa bàjẹ́? Hóró ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú ńkọ́? Ọmọdé tó bá kó o jẹ bíi súìtì lè kú.

Ṣadé, Dublin:
Ẹni tó ń wá oyún ńkọ́?

Àǹtí Apòògùn, Manchester:
Folic acid, irú fítámì B kan, 400 maikirógíráàmù lóòjọ́, láti ìgbà tí o bá ti ń wá a títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá oyún. Má lo òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, fítámì A inú rẹ̀ lè ṣe ọmọ inú léṣe. Bí o bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí o bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, rí dókítà kọ́kọ́, nítorí ìwọ̀n tìrẹ lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Tóbí, Houston:
Mo ti gbé ìgò D sílẹ̀. Àmọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ṣé kò sí B12 nínú ọkà láfún ni?

Àǹtí Apòògùn, Manchester:
Kò sí o. Inú ẹja, ẹyin, ẹran àti wàrà ló wà.

Ọmọ Ajílété, Leeds:
Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi máa mú wọn lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́rú. Ṣùgbọ́n bí àbúrò mi bá dé lọ́wọ́ òfo, Màámi ò ní gbà. Kí ni kí n wá fi sínú àpò rẹ̀?

Àǹtí Apòògùn, Manchester:
Ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá, kí owó ẹyin àti ẹja sì bá a lọ. Bí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ ṣúgà nílé, ra pépà rẹ̀ sí i. Béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà kí o tó sanwó, torí pépà ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn ṣiṣẹ́.