Idà Japan tí bàbá àgbà mú bọ̀ láti Bọ́mà: ta ló rọ ọ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó bá Japan jà ní Bọ́mà, idà kan tó mú bọ̀ sì wà nínú àpótí rẹ̀ títí di ìgbà tí a sin ín. Àkọ̀ irin tí àwọn ológun ń lò ni àkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n idà fúnra rẹ̀ dà bí ohun tó ti pẹ́ ju ogun náà lọ. Nígbà tí a yọ èèkù, a rí àwọn lẹ́tà tí wọ́n fín sí ìdí irin náà, ẹni tó gbọ́ èdè Japan sì kà á ní “Bishu Osafune Sukesada”. Oníṣòwò kan ti ń dúnàá-dúrà, àbúrò mi sì fẹ́ fi sáńpépà ha ìpáàrà rẹ̀ kí a tó tà á. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ gba sáńpépà lọ́wọ́ àbúrò yín lónìí. Ìpáàrà dúdú tó wà ní ìdí irin yẹn wà lára ohun tí àwọn tó mọ idà fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá ha á, ẹ̀rí lọ, owó náà lọ, kò sì sí oníṣẹ́ tó lè dá a padà. Ẹ kàn fi epo fẹ́ẹ́rẹ́ pa ojú idà nìkan. Ní ti Sukesada, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo: ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ìlú Osafune ní Bizen (òun náà ni “Bishu” tí ẹ kà), tó wà ní Okayama òde òní, ló jẹ́ orúkọ náà láti ìran dé ìran. Nígbà tí ogun abẹ́lé gba Japan kan, wọ́n ń rọ idà lọ́pọ̀ yanturu fún àwọn jagunjagun, irú àmì kúkúrú tí ẹ kà yìí ni wọ́n sì sábà máa ń fín sí i. Èyí tí ẹni ńlá bá dìídì bẹ̀ wọ́n rọ ni wọ́n máa ń fín orúkọ gígùn sí, irú bíi ti Yosozaemon no jo Sukesada, òun ló sì ń pa owó gidi.

Ìdáhùn: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá, àmọ́ ẹ má gba orúkọ gbọ́ kí ẹ tó wo irin, nítorí ayédèrú orúkọ pọ̀ lára idà Japan. Ẹ wo hamon, ìyẹn ìlà funfun tó ń rú bí ìgbì lẹ́bàá ojú idà, èyí tó ń jáde nítorí amọ̀ tí alágbẹ̀dẹ fi bo irin kó tó rì í bọ omi. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ kékeré nítòsí orúkọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ idà ìgbà ogun tí wọn kò rọ ní ìlànà àtijọ́. Ṣùgbọ́n àkọ̀ ológun kò sọ idà di tuntun, torí àwọn ọ̀gá ológun mìíràn gbé idà ìdílé wọn lọ sójú ogun.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Kò sí òǹtẹ̀ kankan. Ẹ̀yìn ibi tí orúkọ wà ní déètì: oṣù kejì, ọdún kejì sáà Eisho nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ Japan.

Ìdáhùn: 1505 nìyẹn. Oṣù kejì àti ìkẹjọ ni àwọn ará Osafune sábà máa ń fín sára idà, nítorí náà ó bá àṣà wọn mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìdí irin náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀, kí ẹ sì fi han olùyẹ̀wò tí kò ní í rà á lọ́wọ́ yín. Bó bá ní kó lọ sí Tokyo, NBTHK, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo idà iṣẹ́ ọnà Japan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 ló ń fún irú rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Kí oníṣòwò yẹn ṣì ní sùúrù ná.